Ẹ Má Ṣe Ti Àwọn Ọmọ Mọ́lé ní Ìrọ̀lẹ́

Agbo ilé tí kò ní ọmọ ní ìdálẹ̀ kò pọ̀ mọ́ ní Okpomèta. Àwọn kan wà ní Kútọnu àti ní Èkó. Àwọn kan wà ní Abidjan àti ní Libreville. Àwọn mìíràn ti kọjá òkun lọ sí ilẹ̀ Faransé. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a bá wọn sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí. Ọmọ kékeré tí ó bá ń wà níta pẹ̀lú bàbá àti ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń fi èdè wa bá a sọ̀rọ̀, yóò gbọ́ èdè náà, ibi yòówù tí ó bá ń gbé. Èyí tí wọ́n bá tì mọ́lé síwájú tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́, èdè tẹlifíṣọ̀n ni yóò gbọ́.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é nílé. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, a ó tẹ́ ẹní sí ojúde. Àwọn ọmọdé ń ṣe bojúbojú. Àwọn àgbà ń ta ayò. Ìyá àgbà ń pa àlọ́. Kò sí ẹni tí ó ń sọ fún ọmọ pé, “Wá kọ́ èdè.” Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ ìkíni, òwe, ìṣirò àti bí a ti ń dá àgbà lóhùn. Ilé-ìwé ni, bí kò tilẹ̀ ní pátákó.

Báwo ni ti àwọn tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé? Níhìn-ín, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin rẹ̀, láàárín agogo 6 àbọ̀ àti agogo 7 kọjá díẹ̀ ni oòrùn máa ń wọ̀. Lọ́hùn-ún kò rí bẹ́ẹ̀. Ayé yìí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ó ti ń yí oòrùn ká. Ní oṣù kẹfà, apá àríwá ayé ni ó tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ oòrùn, nítorí náà ọ̀sán ibẹ̀ a gùn. Ní Paris, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agogo 10 alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ní oṣù kejìlá, apá ibẹ̀ ti yẹ̀ kúrò. Agogo 5 ìrọ̀lẹ́ kò tíì ní lù tí oòrùn yóò ti wọ̀, tí òtútù yóò sì lé gbogbo ènìyàn wọlé. Ìrọ̀lẹ́ dáradára kò pọ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún. Ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣòfò, ó di ọdún tí ń bọ̀.

Àwọn òbí kan yóò ní, “Ó ti rẹ̀ wá.” Òótọ́ ni, iṣẹ́ ìdálẹ̀ le. Ṣùgbọ́n wákàtí kan ni a ń bẹ̀ wọ́n fún. Kí wọ́n di àkàrà tàbí búrẹ́dì díẹ̀, kí wọ́n mú ọmọ lọ sí ọgbà ìṣeré ìlú, kí wọ́n tẹ́ aṣọ sórí koríko, kí wọ́n jókòó. Jíjókòó náà ìsinmi ni.

Òmíràn yóò ní, “Kò sí agbo ilé níbí. N kò lè fi ọmọ sílẹ̀ níta.” Èyí náà tọ́. Níhìn-ín, ojú gbogbo àgbà ni ó ń ṣọ́ ọmọ. Lọ́hùn-ún, bàbá tàbí ìyá ni yóò bá a jáde fúnra rẹ̀. Èrè ni èyí jẹ́ lójú mi, nítorí ibi tí òbí bá wà ni èdè wà.

Ẹlòmíràn yóò rántí pé àwọn àgbà kì í jẹ́ kí a pa àlọ́ ní ọ̀sán. Bí oòrùn kò bá wọ̀ títí di agogo 10, ìgbà wo ni a ó wá pa á? Èmi rò pé nítorí iṣẹ́ oko ni àwọn àgbà ṣe sọ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀lẹ má baà jókòó sídìí àlọ́ nígbà tí èpò ń bo iṣu. Bí iṣẹ́ bá ti parí, tí a sì ti jẹun, alẹ́ ti lẹ́ nìyẹn, ibi yòówù kí oòrùn wà. Kí wọ́n pa àlọ́ wọn. Kí wọ́n kàn rí i pé ọmọ sùn ní àsìkò, kí wọ́n fa aṣọ bo fèrèsé, nítorí ilé-ìwé ọ̀la.

Ti Abidjan àti Libreville rọrùn jù báyìí lọ. Ilẹ̀ ń ṣú níbẹ̀ bíi tiwa, òṣùpá sì ń yọ. Ẹ̀fọn ni kí wọ́n ṣọ́ra fún, nítorí òru ni èyí tí ó ń gbé ibà kiri máa ń jẹ ènìyàn jù. Kí wọ́n wọ aṣọ alápá gígùn fún ọmọ, kí ó sì sùn sábẹ́ àwọ̀n.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èdè wa yóò dí Faransé lọ́wọ́ lẹ́nu ọmọ. Ní ọjà Kétu, ọmọdé ń gbọ́ Yorùbá, ó ń gbọ́ Fọ̀n, ó sì ń kọ́ Faransé ní ilé-ìwé. Orí rẹ̀ kò fọ́.

Ẹ ro ohun tí a lè pàdánù. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún iyebíye fún gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún ní ọdún 2008. Ṣùgbọ́n ní òru Ẹ̀fẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, òun náà ni ó ń bá ìkà wí. Ọmọ wa tí ó bá ti òkèèrè dé tí kò gbọ́ èdè, yóò wo aṣọ àti igi gbígbẹ́ bí àlejò. Ìyá ìyá rẹ̀ yóò kí i, ẹlòmíràn ni yóò sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo ti rí irú ìyá bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì wa. Ó ní ọmọ-ọmọ òun rẹwà, ṣùgbọ́n àwọn kò tíì sọ̀rọ̀ rí.

Àwọn àgbà ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí àwa náà tó dá àwọn ará ìdálẹ̀ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ojúde wa. Fóònù ti ń gba ẹní lọ́wọ́ ìyá àgbà ní Okpomèta pàápàá. Ẹ jẹ́ kí a tẹ́ ẹní náà padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí, ẹ mú gègé. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọmọ yín tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ẹ bi í léèrè pé: “Ta ni ó bá ọmọ rẹ jókòó níta ní ìrọ̀lẹ́ àná, èdè wo ni wọ́n sì sọ?” Ẹ kọ àlọ́ kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí ìyá yín pa fún yín, kí ó rí nǹkan kà fún ọmọ náà.