Ilẹ̀ Tí Ń Rìn àti Ilé Tí Ń Wó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ilẹ̀ tí ó sì gbé àwọn òkè kalẹ̀ sí orí rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà lórí ibùsùn, ilẹ̀ mì tìtì ní gúúsù Tọ́kì àti ní àríwá Síríà. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó tún mì lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tí ó kú ní Tọ́kì nìkan lé ní 50,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn sì kú ní Síríà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ilẹ̀ mì ní Mòrókò, nǹkan bí ènìyàn 3,000 sì bá a lọ. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn. Wọn kò tíì sin òkú wọn tán tí àwọn oníwáàsí kan ti gun mínbárì, tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ni ó fa ìbínú Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ yìí tó yẹ̀ wò, nítorí pé ó ń ba òkú lórúkọ jẹ́, ó sì ń tan alààyè jẹ.

Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ rí ni pé ojú ilẹ̀ kì í ṣe odidi kan. Ó pín sí àwẹ́ àwẹ́ bí obì, àwọn ńlá wà níbẹ̀, àwọn kéékèèké sì wà. Orí àpáta gbígbóná ni àwọn àwẹ́ wọ̀nyí wà. Àpáta náà le, síbẹ̀ ó ń fà díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, àwọn àwẹ́ náà sì ń rìn. Ìrìn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yá ju bí èékánná ọwọ́ ti ń hù lọ. Ṣùgbọ́n bí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ bá pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún, òkun ńlá ni yóò dá sílẹ̀. Báyìí ni Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣe pínyà. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ayé yóò rí i pé ìlà-oòrùn Bràsíìlì bá kọ̀rọ̀ Áfíríkà tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù wà mu. Nígbà tí Alfred Wegener, ọmọ Jámánì, sọ èyí ní ọdún 1912, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò gbà á gbọ́. Ó kú ní ọdún 1930, ó sì di bí ọdún 1960 sókè kí ohun tí wọ́n rí nísàlẹ̀ òkun tó dá a láre.

Ilẹ̀ Lárúbáwá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àwẹ́ náà. Ó ń kúrò lára Áfíríkà, ìdí nìyí tí Òkun Pupa fi ń fẹ̀ sí i. Ó sì ń ti ara rẹ̀ sí àríwá, ó ń fún Tọ́kì mọ́ ara Yúróòpù àti Éṣíà. Níbi tí etí àwẹ́ méjì ti ń fi ara gbo ara, wọ́n a há mọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbára a sì máa kó jọ síbẹ̀. Bí ẹni ń tẹ igi ni. Igi náà a tẹ̀, a tún tẹ̀, títí yóò fi ṣẹ́ lójijì. Ìṣẹ́jú tí ó ṣẹ́ náà ni ilẹ̀ ń mì.

Kò yẹ kí ìmọ̀ yìí ṣe àjèjì sí Mùsùlùmí. Ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún tí Al-Biruni ti kọ ọ́ pé òkun ni apá kan aṣálẹ̀ Lárúbáwá tẹ́lẹ̀, nítorí ìkarahun tí wọ́n ń rí nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ibn Sina náà kọ ọ́ pé ilẹ̀ mímì lè gbé òkè dìde, àti pé omi a máa gbẹ́ àfonífojì. Ìgbàgbọ́ wọn kò yẹ̀ nítorí èyí.

Lóòótọ́, Al-Kùránì sọ nípa ìjọ Sàmúdù àti ìjọ Ànábì Shuaib tí ilẹ̀ mímì pa run. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni ó sọ ìdí rẹ̀ nípa ìmísí, ìmísí sì ti parí pẹ̀lú Ànábì Muhammad. Ta ni ó wá sọ ìdí ti Tọ́kì fún oníwáàsí òde òní? Ní ọjọ́ tí Ibrahim ọmọ Ànábì kú, oòrùn ṣókùnkùn, àwọn ènìyàn sì ní nítorí ikú ọmọ náà ni. Ànábì kò gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni hádíìsì ka ẹni tí ilé wó pa mọ́ àwọn tí ó kú ikú ṣàhíìdì. Ẹni tí Ànábì pè ní ṣàhíìdì, àlùfáà wo ni ó lè pè é ní ẹni ègún?

Bí a bá fẹ́ wá ẹ̀ṣẹ̀ lọ, kí a wá a sí ibi tí ó wà. Tọ́kì ní òfin ilé kíkọ́, wọ́n sì mú un le sí i lẹ́yìn ìmìtìtì ọdún 1999 tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 17,000. Síbẹ̀, ní ọdún 2018, ìjọba gba owó lọ́wọ́ àwọn onílé tí wọ́n rú òfin náà, ó sì fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ilẹ̀ ni ó mì, ṣùgbọ́n òrùlé àti ògiri ni ó pa ènìyàn.

Ilẹ̀ Yorùbá jìnnà sí etí àwọn àwẹ́ náà, nítorí náà ilẹ̀ kì í sábà mì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ń wó. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, l'Ékòó. Nǹkan bí ènìyàn 20 kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Ilẹ̀ kò mì ní ọjọ́ méjèèjì. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìkìlọ̀ inú Súrà Al-Mutaffifin fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù, kì í ṣe ti oníràìsì àti ẹlẹ́lùbọ́ nìkan. Ó kan bíríkìlà tí ń dín sìmẹ́ǹtì kù, oníṣòwò tí ń ta irin tí kò tó ìwọ̀n, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń gba rìbá kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, àti onílé tí ń fi àjà kẹrin lé ìpìlẹ̀ àjà méjì. Ẹni tí ó bá ń kirun wákàtí márùn-ún tí ó sì ń ṣe èyí, kí ó bẹ̀rù ìṣirò ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí má ṣe sá fún ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, àpáta àti ilé kíkọ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ mọ́sálásí tàbí ilé-kéwú, kí ó kọ́kọ́ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Bí ìròyìn ilẹ̀ mímì bá sì tún dé láti ilẹ̀ àwọn ará, àdúà àti ìrànwọ́ ni kí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu oníwáàsí, kì í ṣe ìdájọ́.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn tí ó lọ, kí Ó sì fún àwọn tí ó kù ní ìmọ̀ tí ó wúlò àti ọwọ́ tí ó mọ́. Àmín.