Ẹ Jẹ́ Kí Dókítà Lọ Sùn

Láàárọ̀ Àtìní kan, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jọ lọ sí ọjà Ìpàta ní Ìlọrin láti ra ẹran. Dókítà ni. Àárọ̀ Jímọ̀ ló ti wọ ilé ìwòsàn, àárọ̀ Àtìní yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde: ọjọ́ mẹ́ta gbáko lórí kọ́ọ̀lù. Ó ní kí òun fẹsẹ̀ kan ya ọjà ná, torí kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò nílé. Alápatà tí a máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ bi í pé, "Dókítà, ṣé itan nìkan ni, àbí ká fi ṣàkì díẹ̀ sí i?" Kò dáhùn. Alápatà tún bi í. Ìgbà tí mo máa wojú rẹ̀, ó ti sùn lọ lórí ìdúró. Ọwọ́ kan di báàgì mú, èkejì wà lórí tábìlì ẹran, eṣinṣin ń bà lé e, kò mọ̀.

Alápatà rọra gbé ọ̀bẹ rẹ̀ kúrò nítòsí ọwọ́ náà. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ mú un lọ sílé o. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọmọ iṣẹ́ tí oorun bá ń kùn, ọ̀bẹ la kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

A ò tíì kúrò níbẹ̀ tí fóònù ọmọ náà fi dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ ni: ní ọjọ́ Àlàrùbá, aago méjì ọ̀sán, wọn yóò kọ́ gbogbo dókítà bí wọ́n ṣe ń mí àti bí wọ́n ṣe ń ṣe àṣàrò, kí agara iṣẹ́ má baà dá wọn. Dandan ni kí kálukú wá. Àlàrùbá yẹn gan-an sì ni ọjọ́ tí wọ́n fún un láti sinmi.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ alápatà yẹn síwá sẹ́yìn, ibi tí mo já sí nìyí. Ilé ìwòsàn tó bá ń kọ́ dókítà tí kò rí oorun sùn ní bí a ṣe ń mí, tí kò gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò ní kó máa lọ sílé, kò tọ́jú ẹnì kankan. Ìyà ló fi jẹ ẹ́, ó wá ń fi ẹ̀kọ́ mímí bo ojú ìyà náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Èmi ò bá mímí jà. Ẹni tó bá rọra ń mí, bí ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, tó ń jẹ́ kí èémí pẹ́ kó tó jáde tán, ọkàn rẹ̀ á dẹ̀rọ̀, àyà rẹ̀ á yé lù kìkì. Iṣan kan tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá sí àyà àti ikùn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe idán. Àṣàrò pàápàá kì í ṣe ẹ̀tàn. Ní 1979 ni Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ àwọn aláìsàn ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó fi bẹ̀rẹ̀: àwọn tí ìrora ti di ará ilé wọn, tí oògùn ti ṣe títí tí kò rí i ṣe. Ó kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń bá ohun tí kò ṣeé lé lọ gbé. Ṣé kọ́ọ̀lù ọjọ́ mẹ́ta ni a wá ń pè ní ohun tí kò ṣeé lé lọ? Ọmọ aráyé kan ló jókòó, tó fi bíírò kọ ọ́ sórí rósítà. Bíírò kan náà lè fagi lé e.

Àti pé ní Ìlọrin yìí, ta ni wọ́n fẹ́ wá kọ́ ní ìfarabalẹ̀? Ẹni tó ń kírun ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, tó ń jókòó ka tẹ̀sùbáà lẹ́yìn rẹ̀, mọ bí ọkàn ṣe ń rọlẹ̀ kó tó gbọ́ orúkọ Massachusetts. Ohun tí ọmọ mi ń ráhùn lé lórí ni pé kò sí àyè láti kírun ọ̀hún. Ẹ̀jẹ̀ aláboyún tó ń ya kì í dúró de àsárì. Bó bá di alẹ́, á kó ìrun ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́ pọ̀, á máa tòògbé nínú ìforíkanlẹ̀. Kò ṣaláìmọ bí a ṣe ń sinmi. Wọn ò jẹ́ kó sinmi ni.

Òyìnbó ní orúkọ fún ohun tó ń ṣe é. Herbert Freudenberger kọ nípa rẹ̀ ní New York ní 1974. Christina Maslach àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ ní 1981. Ọ̀nà mẹ́ta ni òṣùwọ̀n náà pín in sí, mo sì ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu ọmọ yìí láìjẹ́ pé ó ṣí ìwé kankan: ó rẹ̀ mí, ó sú mi, ọwọ́ mi ò ká a mọ́. Agara ti dá a nìyẹn. Ní 2019, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kọ agara yìí sínú ìwé ńlá tí wọ́n ń to àìsàn sí, ṣùgbọ́n wọn kò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ló ń bí i. Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ló ti wá, kí ló dé tó jẹ́ ihò imú òṣìṣẹ́ la ti ń wá oògùn rẹ̀?

Ẹni tó bá ní àròyé lásán ni mò ń ṣe, kó gbọ́ èyí. Ní 2024, William Fleming ti Yunifásítì Oxford gbé ìwádìí jáde lórí òṣìṣẹ́ 46,336 ní ilé iṣẹ́ 233 ní Britain. Àwọn tó lọ sí ẹ̀kọ́ àṣàrò, ẹ̀kọ́ ìfaradà àti irú wọn, ara wọn kò yá ju ti àwọn tí kò lọ. Tó bá jẹ́ ti dókítà gan-an la fẹ́, wọ́n kó ìwádìí 19 jọ ní 2017: ètò tó tún iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tò dín agara kù ju ètò tó ní kí dókítà lọ tún ara rẹ̀ ṣe. Ó yẹ kí àwa ti mọ̀. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn dókítà nìkan nìyí, ara yín ni wọ́n fẹ́ gé. Ní 1997, Dawson àti Reid dán an wò ní Ọsirélíà: ẹni tí kò bá fojú ba oorun fún wákàtí 24, bí ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé ìdá 0.10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti máa gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní Ìlọrin tí bàbá kò ní gbà kí ọ̀mùtí fi mọ́tò gbé ọmọ òun lọ sí ilé kéwú, ṣé bàbá yẹn náà ló máa gbé ìyàwó rẹ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí báyẹn pé kó là á nínú? Ní 2004, ìwádìí kan láti Boston fi hàn pé ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le, àṣìṣe ńlá tí àwọn dókítà tuntun ń ṣe nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ju wákàtí 24 lọ lẹ́ẹ̀kan fi ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìgbà tí wọ́n dín wákàtí wọn kù.

Amẹ́ríkà náà kò dédé gbọ́n. Ní 1984, ọmọbìnrin ọdún 18 kan kú ní ilé ìwòsàn kan ní New York, lábẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́, tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn. Akọ̀ròyìn ni bàbá rẹ̀. Kò gbà, kò sì gbé ẹnu sọlẹ̀. Ní 1989, ìpínlẹ̀ New York là á kalẹ̀: wákàtí 80 lọ́sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju 24 lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó di 2003, 80 yẹn di ti àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà. Ní ìṣọ̀kan Yúróòpù, 48 ni. Ti ọmọ mi, láti Jímọ̀ sí Àtìní, ti jẹ́ 72, ọ̀sẹ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Nílẹ̀ wa, ní oṣù kẹsàn-án 2023, ọ̀dọ́ dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, ó sì kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé wákàtí 72 ló fi wà lórí kọ́ọ̀lù ṣáájú. Kí la fẹ́ kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nípa èémí?

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kọ̀nsọ́tántì máa wí: "Àwa náà ṣe é, a ò kú." Ẹ kú oríire o. Àwọn tó kú kò sí níbí láti dá yín lóhùn. Ẹni tí wọ́n fi kòbókò nà ní kékeré kò jẹ kòbókò ní gbèsè tó gbọ́dọ̀ san lára ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn alákòóso á ní, "Dókítà dà tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀?" Òótọ́ ni, dókítà kò tó. Ní 2025, mínísítà ìlera, Muhammad Pate, sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, pé dókítà 3.9 ló wà fún èèyàn 10,000, àti pé owó tí a ń ná láti kọ́ dókítà kan ju dọ́là 21,000 lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lé wọn lọ ni a tún fẹ́ fi dí àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta lọ, ẹ di ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ẹnì kan tó kù lórí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá físà. Ó ti pẹ́ tí NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́, ti ń bẹ̀bẹ̀ pé bí ẹnì kan bá lọ, kí wọ́n gba ẹnì kan sípò rẹ̀. Omi la ń pọn sínú apẹ̀rẹ̀, a wá ń kọ́ apẹ̀rẹ̀ ní àṣàrò.

Bí wọ́n bá wá sọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ gan-an ni aṣọ ti ya. Ní Àbújá wa níbí, ní oṣù kẹrin 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí láti ya ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná sọ́tọ̀ fún ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí. Mímí kò gba ìdá kankan nínú ìṣúná. Ìdí nìyẹn tó fi dùn lẹ́nu wọn.

Àwọn kan á ní díẹ̀ sàn ju òfo lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ni ẹ̀kọ́ yìí ń gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tó ṣe rósítà, ó ń gbé e kọ́ ẹni tí rósítà ń pa lọ́rùn. Bí agara bá tún dá dókítà lẹ́yìn rẹ̀, a jẹ́ pé kò mí dáadáa nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ á sì gbà bẹ́ẹ̀, torí ọmọ tó mọ̀wé, tó ti ń gba ipò kìíní láti kékeré, kì í tètè gbà pé ẹrù ló wúwo.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ kò lọ́jú pọ̀. Àṣẹ UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin tó wà ní ọ̀nà Jẹ́bà, wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀; ti àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba Kwara. Kí àwọn méjèèjì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí dókítà bá ti lo wákàtí 24, ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀gá tó lè ní kó dúró. Kí wọ́n lẹ rósítà mọ́ ògiri níta, níbi tí àwa tí a gbé aláìsàn wá ti lè kà á, ká mọ ìgbà tí ẹni tó fẹ́ gún wa lábẹ́rẹ́ ti sùn kẹ́yìn. Kí wọ́n gba èèyàn sípò ẹni tó bá lọ. Bí wọ́n bá ti ṣe èyí tán, kí wọ́n wá tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí wọ́n pe olùkọ́ mímí. Èmi fúnra mi á bá wọn jókòó.

Ní ti ọmọ mi, Àlàrùbá dé, ó pa fóònù, ó sùn láti ìdájí títí dé mọ̀gàríbì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún un ní kúẹ́rì: kí ló dé tí kò wá sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n torí ìlera rẹ̀ ṣe? Ó gbé ìwé náà wá bá mi, ó ní, "Bàbá, kí ni kí n kọ?"

Mo ní kó kọ ọ́ pé: "Mo wà nílé. Mo ń mí."