Àgbà Kì í Sáré Lásán

Àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ẹ̀gbẹ́ méjì ni òwe yìí ní, ọ̀kan ṣoṣo sì ni ọ̀pọ̀ wa ń rántí bí a bá gba ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Níbi tí wọ́n kọ WBC sí ni iye sẹ́ẹ̀lì funfun wà, àwọn ọmọ ogun ara. Ti àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín 4,000 sí 11,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ H sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. H yẹn ló ń gbé èèyàn lọ tààrà sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì láti lọ ra kápúsù apakòkòrò.

Lóòótọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń lé: òtútù àyà, eéwo, ọgbẹ́, iná tó jóni. Bó bá jẹ́ irú sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní neutrophil ló pọ̀, a ó fura sí bakitéríà. Bó bá jẹ́ irú mìíràn tó ń jẹ́ eosinophil, aràn tàbí ikọ́ fée lè wà ńbẹ̀.

Ìgbà mìíràn, àwọn gan-an ni nǹkan ń lé. Oògùn prednisolone ń lé wọn sáré. Sìgá, oyún àti ìrọbí náà ń lé wọn. Tẹni tó ní àrùn sickle cell sábà máa ń ga, kódà lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá dá. Èyí tó burú ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní CML, mùdùnmúdùn egungun á máa tú sẹ́ẹ̀lì jáde láìdúró, iye náà sì lè ju 100,000 lọ. Kò sí kápúsù apakòkòrò tó lè dá eré yẹn dúró. Imatinib, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2001, ló sọ ọ́ di àìsàn tí èèyàn lè bá gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó tún ku ibì kan. Ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni neutrophil wa kéré láti ìbí, tí kò sì mú àìsàn kankan wá. Ẹni tí àpapọ̀ sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ kì í ju 3,500 lọ, tó wá di 10,000, kò ní rí H kankan nínú ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ eré ló ń sá. Ẹni tó mọ ìrìn àgbà ló ń tètè mọ̀ pé ó ti ń sáré. Nítorí náà, ẹ má da ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ nù, ẹ sì dárúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà kó tó kọ òmíràn fún yín.