Wọ́n Ní Àrùn Ìdílé Ni



Bí òṣìṣẹ́ bá ti dùbúlẹ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn ọ̀gá: "Àrùn ìdílé rẹ̀ ni." Wọ́n sọ ọ́ lójú mi nípa awakọ̀ kan tí kókó wú sí lọ́rùn, tí dókítà sì ní lífómà ni, ìyẹn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ funfun. Mànéjà gbọ́ pé ọ̀rọ̀ jíìnì wà níbẹ̀, ó ní ó tán.

Kò tán. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní TP53. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ń yẹ ọjà wò nídìí ẹ̀rọ. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá bàjẹ́, á dá a dúró kí a tún un ṣe. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, á ní kó kú. Láti 1979 tí wọ́n ti rí ohun tí jíìnì yìí ń ṣe jáde, wọ́n rò pé òun ló ń dá jẹjẹrẹ sílẹ̀. Ọdún 1989 ni ó tó yé wọn pé ọdẹ tó ń ṣọ́lé ni wọ́n ń pè lólè. (Àwa aṣojú òṣìṣẹ́ mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.)

Lára àwọn kan tó ní lífómà, kì í ṣe gbogbo wọn, TP53 ti bàjẹ́. Ìdílé tí ń jogún irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú sẹ́ẹ̀lì kan ló ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí a ti bí ènìyàn. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

N kò sọ pé iṣẹ́ ló ṣe awakọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bẹ́nsíìnì, tó wà nínú bẹntiróò, ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn mọ́, àwọn onímọ̀ sì ń wádìí ti lífómà náà. Àdéhùn Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé lórí bẹ́nsíìnì ti wà láti 1971. Síbẹ̀, a ṣì ń fi bẹntiróò fọ ọwọ́ ní gáréèjì, a ń fi ẹnu fà á nínú táńkì. Àwa náà jẹ̀bi níbẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa bá àwọn ọ̀gá sọ. Kí wọ́n ní ìwé tí a ó máa kọ kẹ́míkà tí oníkálukú ń lò sí, kí wọ́n má sì sun ún níná nígbà tí ènìyàn bá fẹ̀yìn tì, nítorí jẹjẹrẹ lè pẹ́ lọ́dún púpọ̀ kó tó yọjú. Èkejì, kí wọ́n má yọ owó ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fi lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ẹni tí kókó bá wú sí lọ́rùn, lábíyá tàbí nítan, tí kò dùn ún, tí kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó wá rí mi. Èmi yóò bá a gba àyè láti lọ sọ́sípítù.