Ẹ̀kọ́ Dáínósọ̀ fún Àwọn Ọmọdé

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin gba àwọn òbí láyè láti máa kọ́ ọmọ wọn ní ilé dípò kí wọ́n rán wọn lọ sí ilé-ìwé. Lára ohun tí irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn láti fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni ìtàn dáínósọ̀, àwọn ẹranko àtijọ́ tí òmíràn nínú wọn tóbi ju erin lọ. Wọn a fún ọmọ ní amọ̀ kí ó fi mọ ẹranko náà. Wọn a ri egungun mọ́ inú iyanrìn kí ó hú u jáde. Wọn a sì fún un ní ọ̀dà kí ó fi kun àwòrán. Àwọn kan ń sọ pé eré lásán ni gbogbo èyí, pé ó sàn kí ọmọ jókòó ti ìwé kíkà àti ìṣirò. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àsọdànù, ṣùgbọ́n kò kárí ọ̀ràn náà. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe eré lásán bí ó bá ń kọ́ ọmọ bí ènìyàn ṣe lè mọ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n ta ni ó fojú ba àwọn dáínósọ̀ ńláńlá? Wọ́n ti run láti nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 66 sẹ́yìn, nígbà tí ènìyàn kò tíì sí láyé. Ohun tí ó kù ni egungun, eyín, ẹyin àti ipasẹ̀ tí ó ti di òkúta. Ọdẹ tí ó rí ipasẹ̀ ẹran lórí ilẹ̀ tútù kò dúró kí ẹran náà padà wá kí ó tó mọ irú ẹran tí ó kọjá àti ibi tí ó kọrí sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ ń ṣe.

Nítorí náà, àṣìṣe ńlá ni kí òbí fi orúkọ nìkan kọ́ ọmọ. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ka orúkọ ogún dáínósọ̀ lórí láìkọsẹ̀, kí àlejò sì máa pàtẹ́wọ́ fún un, síbẹ̀, bí wọ́n bá bi í pé, “Báwo ni o ṣe mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀?” ẹnu rẹ̀ a wọhò. Odídẹrẹ́ náà a máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń sọ.

Ìtàn àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn kún fún ẹ̀kọ́ lórí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1825, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gideon Mantell, kọ̀wé nípa ẹranko kan tí wọ́n rí eyín rẹ̀ nínú òkúta, ó sì pè é ní Iguanodon. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí egungun kan tí ó ní ṣóńṣó; Mantell rò pé ìwo ni, àti pé orí imú ni ó ti hù. Ní ọdún 1854, wọ́n gbé ère Iguanodon sí ọgbà Crystal Palace ní London, pẹ̀lú ìwo lórí imú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1878, àwọn awakùsà ní Bernissart, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe alábàápàdé egungun ọ̀pọ̀lọpọ̀ Iguanodon tí ó wà ní pípé. Nígbà náà ni ó wá hàn gbangba pé ṣóńṣó náà kì í ṣe ìwo rárá: àtàǹpàkò ẹranko náà ni!

Èyí kì í ṣe ìtìjú fún Mantell. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi ṣe ìdájọ́. Òbí lè fi èyí kọ́ ọmọ láìná owó púpọ̀. Kí ó fọ egungun adìẹ tí wọ́n jẹ tán, kí ó fi díẹ̀ pamọ́, kí ó sì ní kí ọmọ to ìyókù bí ó ti rò pé ó yẹ. Lẹ́yìn èyí, kí ó mú àwọn tí ó fi pamọ́ jáde. Ọmọ náà yóò tú u, yóò sì tún un tò. Yóò rí i pé ẹ̀rí tuntun lè yí èrò àná padà. Adìẹ sì yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ìran dáínósọ̀ ni àwọn ẹyẹ. Ìka mẹ́ta iwájú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ jọ ipasẹ̀ ọ̀pọ̀ dáínósọ̀ ajẹran tí ó wà lára òkúta.

Bákan náà ni ti okùn. Kí wọ́n na okùn mítà 23 sílẹ̀, kí mítà kọ̀ọ̀kan dúró fún ọdún mílíọ̀nù 10. Ní ìbẹ̀rẹ̀ okùn ni àwọn dáínósọ̀ àkọ́kọ́ wà. Nígbà tí ó bá ku nǹkan bí mítà 6.6 kí okùn tán ni àwọn ńláńlá run. Ìgbà ènìyàn kò sì ju ìbú ìka méjì lọ ní ìparí rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn yìí kò ní gbàgbọ́ mọ́ pé ènìyàn gun dáínósọ̀ rí.

Lóòótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ìbéèrè nínú kò sàn ju àkọ́sórí lọ. Ọ̀dà tán, amọ̀ gbẹ, ẹ̀kọ́ parí. Òbí tí ó bá sì ń kọ́ ọmọ láti béèrè ẹ̀rí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ náà yóò bi òun pẹ̀lú. Kí ó má ṣe ka ìbéèrè tí ọmọ fi ọ̀wọ̀ béèrè sí àfojúdi. Ọ̀rọ̀ dáínósọ̀ lè fò lọ lórí ọmọ náà bí ó bá dàgbà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ àhesọ wá bá a lọ́jà tàbí níbi iṣẹ́, yóò kọ́kọ́ wádìí kí ó tó gbà á. Abèèrè kì í ṣìnà.