Ìfòòró Kò Mọ Sí Sẹ́kọ́ńdírì

Olóòtú,

Òǹkọ̀wé yín sọ pé ìfòòró láàárín akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọjá sẹ́kọ́ńdírì, pé ojú ti máa ń là kí wọ́n tó dé fásitì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún 26 ni Robert Champion, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ onílù fásitì Florida A&M, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lù ú pa nínú bọ́ọ̀sì ní Orlando, ní Amẹ́ríkà, lóṣù Kọkànlá ọdún 2011. Àṣà ẹgbẹ́ ni wọ́n pe lílù náà! Bí ìfòòró kì í bá dé fásitì, kí ló dé tí Amẹ́ríkà tún fi ṣòfin ní 2024, pé kí àwọn fásitì máa kéde irú ìwà bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún? Ó tilẹ̀ lè le jù ní fásitì, nítorí kò sí ìyá tí yóò rí ojú ọgbẹ́ lálẹ́.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn