Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Antivirus Nìkan Kò Lè Ṣọ́ Ilé

Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà sókè òkun tí kò mọ ìpè yìí. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ọbẹ̀ ń hó lórí iná, Màmá sì ké láti pálọ̀: “Jọ̀ọ́, wá bá mi wo kọ̀ǹpútà yìí o. Kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́!”

Ẹ débẹ̀, ẹ wò ó. Bráúsà ń ṣí ojú-ewé tí ẹnikẹ́ni kò pè. Ìpolówó ń yọjú lọ́tùn-ún lósì. Fáànù inú rẹ̀ ń ké bíi jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n àmì antivirus tí Dádì ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún ṣì wà ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ó ní àwọ̀ ewé, ó ní kò séwu. Màmá á wá bi yín ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání: “Ṣebí a ti ra nǹkan tó ń lé fáírọ́ọ̀sì? Báwo ni èyí ṣe wá wọlé?”

Ìbéèrè yẹn la fẹ́ dáhùn lónìí. Lójú tiwa, antivirus dára, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ òun nìkan kò lè gba ilé là. Ohun méjì ló ń gba ilé là: ẹ̀dà fáìlì tí a tọ́jú síbòmíràn kí ewu tó dé, àti kí ará ilé lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé, “Mo ti ṣàṣìṣe,” láìbẹ̀rù pé wọn yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Èkejì yìí, ọwọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ló wà.

Ẹ fi antivirus wé ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì. Ó ní àwòrán àwọn olè tí wọ́n ti mú rí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yọjú, á lé e. Ó tún ń wo ìṣesí: ẹni tó bá ń fo fẹ́ǹsì lóru, á fura sí i, bí kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Ṣùgbọ́n olè tuntun tó múra dáadáa, tí onílé fúnra rẹ̀ sì ní, “Jẹ́ kó wọlé, àlejò mi ni,” kí ni ọlọ́dẹ fẹ́ ṣe sí i? Kì í ṣe pé àwọn tó ń ṣe antivirus kò mọṣẹ́. Láti àwọn ọdún 1980 ni Fred Cohen, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà, ti fi ìṣirò hàn pé kò sí ètò kan tó lè dá gbogbo fáírọ́ọ̀sì mọ̀ láìṣì í mú rárá.

Àwọn àgbà sì ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa onílé la máa ń la ògiri fún un. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní ILOVEYOU jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines. Lẹ́tà ìfẹ́ ló pe ara rẹ̀ nínú ímeèlì. Ẹni tó bá ṣí fáìlì tó so mọ́ lẹ́tà náà ti kó o nìyẹn, á sì fi orúkọ ẹni náà kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí gbogbo àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àìmọye kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ti kó o.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tí a kò ṣe ló ń la ògiri. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, WannaCry dé. Òun kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ihò tó wà lára Windows ló gbà wọlé, ó ti fáìlì pa, ó ní kí wọ́n san owó ìtúsílẹ̀. Ní Britain, àwọn ilé ìwòsàn NHS, níbi tí ọ̀pọ̀ ìyá àti àǹtí wa ti ń ṣiṣẹ́, fagi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdéhùn àwọn aláìsàn. Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò náà jáde láti oṣù Kẹta ọdún yẹn. Àwọn tí kò tíì fi í sórí kọ̀ǹpútà wọn ni ìyà jẹ jù.

Ọgbọ́n tó wà lóde báyìí tún wá yàtọ̀. Ojú-ewé kan á ní kí ẹ fi hàn pé ènìyàn ni yín, ẹ kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Dípò kó ní kí ẹ tọ́ka sí àwòrán bọ́ọ̀sì, á ní kí ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, lẹ́yìn náà Ctrl pẹ̀lú V, kí ẹ wá tẹ Enter. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́ pé kó lọ mú olè wálé. ClickFix ni àwọn onímọ̀ ààbò ń pè é. Kò sí ìkànnì olóòótọ́ kankan tó máa ní kí ẹ ṣe irú èyí kí ó tó gbà pé ènìyàn ni yín.

Olè tó ń gba ibẹ̀ wọlé kì í sábà pariwo. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Lumma. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Microsoft kéde pé láàárín oṣù méjì péré, kọ̀ǹpútà Windows tó lé ní 394,000 ló ti kó o. Ìgbà náà ni òun àti Europol pẹ̀lú àwọn mìíràn fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti gba ọ̀pọ̀ ìkànnì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù tí bráúsà ń bá yín tọ́jú ni irú olè yìí ń kó, àti àwọn cookie, ìyẹn fáìlì kékeré tó ń jẹ́ kí ìkànnì rántí pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀. Bí cookie yẹn bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ó lè wọ àkáǹtì yín nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní pásíwọ́ọ̀dù, tàbí nọ́ńbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù.

Ẹ wá wo ohun tí èyí jẹ́ nínú ilé tiwa. Láàpútọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni Màmá fi ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Òun náà ló fi ń kọ àkọsílẹ̀ owó àjọ tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé físà Dádì wà, ibẹ̀ ni àwòrán ìsìnkú Bàbá Àgbà wà. Bí olè bá gba ímeèlì tàbí Facebook Màmá, kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n jà lólè. Wọn á kọ̀wé sí àǹtí ní Ìbàdàn àti ọ̀rẹ́ ní Houston pé: “Ẹ jọ̀ọ́, mo wà nínú ìṣòro, ẹ bá mi wá nǹkan.” Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n gbé wọ̀. Láàárín àwa tí ọ̀rọ̀ owó ń lọ lórí ìfọkàntán, kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ ṣeé tún rà, orúkọ tó bàjẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ jẹ́ kó tò báyìí.

Àkọ́kọ́, ẹ yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa Wi-Fi rẹ̀, kí ẹ yọ wáyà rẹ̀. Ẹ má fi í wọ báńkì mọ́. Bí nọ́ńbà fóònù bá yọ lójú rẹ̀ tó ní kí ẹ pe Microsoft, ẹ má pè é. Iṣẹ́ ìkìlọ̀ tó wá láti ọ̀dọ̀ Microsoft kì í ní nọ́ńbà fóònù nínú.

Èkejì, ẹ lo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ́ láti yí àwọn pásíwọ́ọ̀dù padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ímeèlì, nítorí ẹni tó bá ní ímeèlì ní kọ́kọ́rọ́ ìyókù. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan lé gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ jáde. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì pe báńkì. Ní Britain, 159 máa ń so yín pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn báńkì.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá dojú kọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Microsoft Defender tó bá Windows wá ní àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní Offline. Á pa kọ̀ǹpútà, á tún un tàn, á sì wá fáírọ́ọ̀sì kó tó ráyè sá pamọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ olè pásíwọ́ọ̀dù ló wọlé, tàbí tí ìwà àjèjì kò dúró, ẹ má tan ara yín jẹ nítorí pé àmì ti padà ní àwọ̀ ewé. Ẹ da ìwé àti àwòrán nìkan sí ibi ìpamọ́, ẹ má da áàpù kankan, kí ẹ nu kọ̀ǹpútà náà mọ́ pátápátá, kí ẹ sì to Windows tuntun sí i. Ó lè gba odidi ọ̀sán kan lọ́wọ́ yín. Ó sàn ju kí olè ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bó bá jẹ́ èyí tó ń ti fáìlì pa ni, ẹ má sáré sanwó. Ẹ kọ́kọ́ wo ìkànnì No More Ransom tí ọlọ́pàá Netherlands, Europol àti àwọn ilé-iṣẹ́ ààbò dá sílẹ̀ ní 2016. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀ fún oríṣiríṣi nínú wọn. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ẹ sọ fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ pé bí wọ́n bá rí iṣẹ́ owó ní orúkọ Màmá, kí wọ́n pè é lórí fóònù kí wọ́n tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

A ti dé ibi tó le jù báyìí. Nígbà tí Màmá pè yín, kí lẹ kọ́kọ́ sọ? “Mọ́mì, kí lẹ tẹ̀? Ṣé mi ò ti sọ fún yín ni?” Gbólóhùn yẹn gan-an ni olè ń fẹ́. Ìyá tí ọmọ jágbe mọ́ lónìí, bó bá tún tẹ ohun tí kò yẹ lọ́la, á dákẹ́. Á máa rò ó lọ́kàn fún ọjọ́ mẹ́ta pé bóyá á lọ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣeé fi gba owó báńkì là. A kúnlẹ̀ kí Màmá láàárọ̀, a wá ń bá a wí bí ọmọdé nígbà tó dọ̀sán. Kò yẹ wá.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tó kù pẹ̀lú. Kì í ṣe àwọn òbí nìkan ló ń la ògiri. Cheat tí àbúrò yín lọ wá fún géèmù, áàpù olówó ńlá tí ẹnì kan ní òun ti sọ di ọ̀fẹ́ nínú fídíò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olè pásíwọ́ọ̀dù ń fara pamọ́ sí. Ẹni tó gbé wọn wálé sábà máa ń pa antivirus fúnra rẹ̀ nítorí wọ́n ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù tí Màmá fi ń wọ báńkì náà ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kálukú ló ní ibi tó ti ń ṣì í.

Àwọn kan á ní kí a kàn ra antivirus tó wọ́n jù. A kò rò bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ilé, èyí tó bá Windows wá tó, bí kọ̀ǹpútà bá ṣì ń gba àtúnṣe. Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń lọ déédéé dúró fún Windows 10. Owó antivirus olówó gọbọi yẹn, ẹ fi ra dráìfù tí à ń kì bọ kọ̀ǹpútà lára.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jókòó ti Màmá fún ìdajì wákàtí. Ẹ da àwòrán àti ìwé ilé sórí dráìfù yẹn, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé e sínú àpótí. Kí ẹ wá bá ara yín ṣe àdéhùn: ẹni tó bá ṣàṣìṣe, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní pariwo mọ́ ọn. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n àfi bí wọ́n bá jẹ́ kó la ẹnu sọ ibi tí kòtò náà wà.